Ẹ Bi Oníjìtá: Àwọn Wákàtí Tí Olóde Kì Í Rí

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yàn nínú àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, iṣẹ́ jìtá béèsì sì ni gbogbo wọn dá lé, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìlú Òṣogbo fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo sì ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀gá kan tó ní ẹgbẹ́ orin jùjú gbọ́ mi níbi ìsìn ìdúpẹ́ kan, ó sì ní kí n wá bá àwọn jáde fún ọjọ́ mẹ́wàá: Iléṣà, Adó-Èkìtì, Àkúrẹ́, kí a wá parí rẹ̀ sí Èkó. Nígbà tí mo béèrè owó, ó ní “bí òde bá ṣe rí” ni. Bàbá mi sì ní bí mo bá fi iṣẹ́ iná mànàmáná tí mò ń kọ́ sílẹ̀ torí jìtá, kí n má ṣe padà wá sílé. Ṣé kí n lọ, àbí kí n jókòó? (Ọmọ Béèsì, Òkè-Fìà)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, lọ, ṣùgbọ́n má ṣe bá wọn lọ lórí “bí òde bá ṣe rí” yẹn. Gbólóhùn náà ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ orin, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju èyí lọ: bí àwọn àlejò bá náwó dáadáa, ìwọ náà á rí nǹkan mú bọ̀, bí wọn kò bá náwó, oúnjẹ tí o jẹ níbẹ̀ ni owó iṣẹ́ rẹ. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, owó ìná yìí a máa tó pín, a sì máa ṣẹ́kù. Ọ̀ràn ti yàtọ̀ lónìí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà lóde àríyá sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin náà kàn wà nínú ìwé ni, ṣùgbọ́n láti ọdún 2024 tí wọ́n ti ń gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ olówó ló ń fi tiwọn sínú àpòòwé, ọ̀gá nìkan ló sì ń mọ iye tó wà nínú àpòòwé.

Nítorí náà, kí o tó gbé jìtá rẹ sínú bọ́ọ̀sì, béèrè iye tí wàá gbà lórí òde kọ̀ọ̀kan, yálà àwọn àlejò náwó tàbí wọn kò ná an. Béèrè ibi tí ẹ ó máa sùn àti ẹni tí yóò máa bọ́ yín, torí pé òde mẹ́rin nínú ọjọ́ mẹ́wàá túmọ̀ sí pé ọjọ́ mẹ́fà wà tí ẹ kò ní í ṣeré rárá; àwọn ọ̀dọ́ a máa ṣírò owó òde mẹ́rin, wọn a sì gbàgbé ọjọ́ mẹ́fà tó ń jẹ ẹ́. Gba ìdajì owó òde àkọ́kọ́ kí ẹ tó kúrò ní Òṣogbo. Má ṣe sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ o; lọ bá ọ̀gá nílé rẹ̀, dọ̀bálẹ̀, kí o sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bó bá bínú pé o kò gba òun gbọ́, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ní kí o béèrè. (Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ bá gbọ́, kò ní í sẹ́ ẹ.)

Má sì ṣe rò pé ọ̀gá náà fẹ́ rẹ́ ọ jẹ dandan. Ẹgbẹ́ jùjú a máa kún: oníjìtá bíi mẹ́ta, onígángan, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń lu ìlù òyìnbó, àwọn elégbè. King Sunny Ade, tí wọ́n bí ní Òṣogbo wa níbí ní ọdún 1946, kó irú ẹgbẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lẹ́yìn tí Island Records, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, bá a tọwọ́ bọ̀wé ní ọdún 1982. Orin tó kún bẹ́ẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n gbogbo ọwọ́ tó ń dá a ló ń retí owó, ọ̀gá tó kó ènìyàn mẹ́rìndínlógún jáde sì ti san owó ọkọ̀ ènìyàn mẹ́rìndínlógún kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu kọrin.

Jẹ́ kí n sọ bí òde kan ṣe ń rí, kí o lè mọ ohun tí o ń gba owó lé lórí. Bí òde bá wà ní Iléṣà ní alẹ́ Sátidé, láti aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni a ti ń kó ẹrù sínú bọ́ọ̀sì. Iléṣà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni sípíkà kì í tètè dé, jẹnẹrétọ̀ olóde kì í sì í tètè jí. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, a ti so wáyà tán, a ti dán ohùn wò, kò sì sí iṣẹ́ kankan mọ́ ju kí a jókòó sórí àpótí sípíkà, kí a máa gbọ́ òórùn ìrẹsì tí kò ní í kàn wá títí àwọn àlejò yóò fi jẹun tán. Aago mẹ́jọ ni eré bẹ̀rẹ̀, aago méjìlá ló parí. Wákàtí mẹ́rin péré ni olóde rí. Lẹ́yìn náà ni a ó ká wáyà, èyí tí a gbọ́dọ̀ ká ní òbírí bí òṣùká, kì í ṣe kí a máa lọ́ ọ mọ́ ìgbọ̀nwọ́, torí pé bí ẹ bá ń lọ́ ọ bẹ́ẹ̀, inú ni yóò ti já tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì máa dán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹrù, lẹ́yìn ẹrù ni dídúró de ọ̀gá tó wọ yàrá lọ bá olóde ṣírò owó. Ìdájí ni a ń wọ Òṣogbo, béèsì mi á sì wà láàárín orúnkún mi, nítorí n kì í jẹ́ kí wọ́n gbé sípíkà lé e.

Ní ti bàbá rẹ, òun ló jàre. Má fi iṣẹ́ iná sílẹ̀. Gba àyè ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, kí o sì padà síbẹ̀. Òde máa ń pọ̀ láti oṣù Kẹwàá títí dé ọdún Kérésì, ọwọ́ wa a sì tún máa dí díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun bá kún ìlú, ṣùgbọ́n bí ààwẹ̀ Rámàdánì àti Lẹ́ńtì bá wọ inú ara wọn bí ó ti rí ní ọdún 2025, òde a dá wáí. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: oníbéèsì tó mọ bí a ti ń fi òjé lẹ wáyà tó já, tó sì lè mọ̀ pé iná jẹnẹrétọ̀ ti ga ju bó ti yẹ lọ kó tó jó áńpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jìtá sókè) gbogbo ẹgbẹ́, kò sí ọ̀gá tí yóò fi sílẹ̀ nílé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, bí a bá ti tan jẹnẹrétọ̀, béèsì mi á máa kùn bí oyin. Bí mo bá fọwọ́ kan okùn rẹ̀, ìkùn náà á rọlẹ̀. Ẹnìkan ní kí n gé ẹsẹ̀ kẹta tó gùn lára pọ́lọ́ọ̀gì áńpù mi. Ṣé òótọ́ ni pé yóò dákẹ́? (Akọrin, Ìkìrun)

Ìdáhùn: Ó lè dákẹ́, ìwọ náà sì lè bá a dákẹ́. Ẹsẹ̀ gígùn yẹn ni ó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Bí o bá gé e, tí ọwọ́ rẹ wà lára okùn jìtá tí ẹnu rẹ sì kan irin ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ara rẹ ni iná yóò gbà kọjá.

Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn tó sì ń mú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohùn G ìsàlẹ̀ lórí béèsì rẹ dọ́gba, èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 49. Ìdí nìyẹn tí ìkùn náà fi ń da béèsì láàmú ju bó ti ń da àwọn jìtá kéékèèké láàmú lọ: inú ilé wa gan-an ló wá jókòó sí. Bó bá rọlẹ̀ nígbà tí o fọwọ́ kan okùn, ó fi hàn pé wáyà ilẹ̀ jìtá rẹ ṣì dára, ṣùgbọ́n ihò tí wáyà wà nínú jìtá náà kò ní ohun tó bò ó. Mú un lọ bá ẹni tó ń tún jìtá ṣe, kó fi bébà bàbà lẹ inú ihò náà yíká. Kí gbogbo ẹ̀rọ ẹgbẹ́ yín sì máa gba iná láti ojú kan náà. Bí áńpù rẹ bá ń gba iná níhìn-ín tí ẹ̀rọ tó ń da ohùn pọ̀ ń gba tirẹ̀ lẹ́yìn kánópì, kò ní í yé kùn.

Bí béèsì rẹ bá jẹ́ irú èyí tó ń lo bátìrì onígun mẹ́rin, yọ wáyà kúrò lára rẹ̀ nígbà gbogbo tí o kò bá ta á. Ihò wáyà yẹn ni suwíìṣì rẹ̀. Bí wáyà bá ti wà níbẹ̀, bátìrì ń ṣiṣẹ́ lọ, ìbáà jẹ́ pé o ń sùn. Mo kọ́ èyí ní Ìràgbìjí. Mo fi wáyà sílẹ̀ lára jìtá mi láti ọ̀sán, nígbà tó sì di bí aago mẹ́wàá alẹ́, tí olóde àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sójú agbo, béèsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, ó tín-ín-rín, ó sì kú. Ìka mi ń lọ lórí okùn, kò sí ohun tó ń jáde. Onígángan wa wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó yí ìlù rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki olóde láti orí bàbá-bàbá rẹ̀ wá, kò dúró títí mo fi fi eyín ṣí ìdérí bátìrì náà. Inú olóde dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí a máa fi oríkì náà bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo òde tí òun bá tún pè wá sí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọkọ mi ti ń ta béèsì fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, mo ní láti pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn, ó sì ní nǹkan ń dún gooro ní etí òun bí ilé bá ti pa rọ́rọ́. Ó ní ohùn béèsì nípọn, pé kì í pa etí. Ẹ bá mi dá sí i. (Ìyàwó Oníjìtá, Alẹ́kúwodò)

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ka èyí sí i létí, kí ẹ sì kà á sókè. Kì í ṣe béèsì nìkan ló ń gbọ́ níbi tó ń dúró sí. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń lu ìlù òyìnbó ni ipò oníbéèsì, torí pé ẹsẹ̀ onílù ni ìka wa ń tẹ̀ lé, aro ńlá tó wà níbẹ̀ a sì máa wà ní ọ̀gangan etí wa. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ń lò ni pé etí lè gba ariwo tó jẹ́ 85 dẹ́síbẹ̀lì fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, àti pé bí ariwo bá fi dẹ́síbẹ̀lì mẹ́ta pọ̀ sí i, àkókò náà yóò dín sí ìdajì. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ dé 100 dẹ́síbẹ̀lì, tí ẹgbẹ́ orin a máa dé láìlágùn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni etí ní. Wákàtí mẹ́rin ni òde.

Àwọn irun wínníwínní tó wà nínú etí lọ́hùn-ún ló ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ. Èyí tó bá kú nínú wọn kì í tún hù mọ́. Nítorí náà, kó lọ rí dókítà etí kí òde mìíràn tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ra ìdí-etí tí wọ́n ṣe fún àwọn olórin, èyí tó ń dín gbogbo ohùn kù bákan náà láì sọ orin di ohun tí à ń gbọ́ láti abẹ́ aṣọ ìbora. Kó gbé sípíkà rẹ̀ sórí àpótí kó lè kọjú sí etí rẹ̀. Bí sípíkà bá wà nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló ń ta béèsì fún, yóò sì máa yí ohùn sókè kó lè gbọ́ ara rẹ̀. Etí òsì tèmi ti dín kù, nítorí pé ọ̀tún onílù ni mo dúró sí fún ogún ọdún, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń rí àwọn oníbéèsì níbi ìpàtẹ ohun èlò orin ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi jìtá tuntun ya fọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí mo bá lè débẹ̀, ilé iṣẹ́ kan á fún mi ní jìtá lọ́fẹ̀ẹ́, mà á sì ṣeré díẹ̀ gba dọ́là kí n tó padà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Mo ní ilẹ̀ kan ní Ìlobùú tí mo fẹ́ tà fún ìrìn àjò náà. (Oníbéèsì, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ta ilẹ̀.

Ìpàtẹ tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ yóò jẹ́ NAMM, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ohun èlò orin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1901 máa ń ṣe ní Anaheim, ní ìpínlẹ̀ California, ní oṣù Kìíní lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, tó lókìkí bákan náà nígbà ayé rẹ̀, ti kógbá wọlé. Ọdún 2019 ni wọ́n pàtẹ rẹ̀ kẹ́yìn. NAMM kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni lè rìn wọ̀ bí Ọjà Ọba. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe jìtá ló ń gbé tirẹ̀ wá han àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n lè pàṣẹ ọjà ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì wọlé gbọ́dọ̀ ní káàdì ìwọlé lọ́rùn. Àwọn oníbéèsì tí o ń rí nínú fọ́tò, iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wá ṣe: wọ́n á dúró nídìí àtẹ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ta ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, wọ́n á tún ta á, nígbà tí ọgọ́rùn-ún jìtá mìíràn ń ké ní àtẹ ẹ̀gbẹ́ wọn. Jìtá ọ̀fẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wí náà ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ilé iṣẹ́ sábà máa ń fún olórin tó bá bá wọn ṣe ni ẹ̀dínwó, ẹni tí orúkọ rẹ̀ sì ti ń ta jìtá fún wọn ni wọ́n ń fún.

Ní ti dọ́là, ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà. Físà àbẹ̀wò lè gbé ọ dé ibi ìpàtẹ láti wo ọjà àti láti bá oníṣòwò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò fún ọ láyè láti ṣeré gba owó. Físà olórin yàtọ̀, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ọ kọ̀wé sí ìjọba wọn. Ẹni tó bá fi físà àbẹ̀wò ṣeré, tí wọ́n sì mú un, lè má fojú rí físà wọn mọ́.

Bó bá jẹ́ ìpàtẹ ló wù ọ́, èyí tí Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Èkó máa ń ṣe ní oṣù Kọkànlá ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Owó ọkọ̀ àti ibi tí wàá sùn nìkan ló ń fẹ́. Mo lọ síbẹ̀ ní ọdún 1998, nígbà tí oníṣòwò kan ní kí n wá máa ta béèsì nídìí àtẹ òun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àtàǹpàkò ni mo fi ń gbá okùn bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe é, mo sì ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ fi ń dùn mí. Ènìyàn ń kọjá lọ. Àtẹ mẹ́ta mìíràn ló ní ẹni tó ń ṣe ohun kan náà, béèsì wọn kò sì yàtọ̀ sí tiwa. Láti ìgbà tí Leo Fender, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe jìtá, ti gbé jìtá béèsì tó ń jẹ́ Precision Bass jáde ní ọdún 1951, tí kò sì sí pé à ń di béèsì onígi ńlá tí à ń ta ní ìdúró mọ́ orí mọ́tò mọ́, okùn tó gùn tó íǹṣì 34 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì ń lò. Kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ dúró wò?

Lọ́jọ́ kejì, ó ti rẹ̀ mí. Mo fi ìka méjì péré bẹ̀rẹ̀ sí í ta jùjú jẹ́jẹ́, bí wọ́n ti ń ta agídìgbo, tó ń ṣe iṣẹ́ béèsì nínú ẹgbẹ́ orin wa kí jìtá béèsì tó dé: ohùn mẹ́rin, ìdákẹ́, ohùn méjì, ìdákẹ́ tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú ìdákẹ́ kejì yẹn ni ẹsẹ̀ máa ń bọ́ sí. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní àtẹ kejì sí tiwa dìde, ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì jó wá síwájú àtẹ wa láì sọ̀rọ̀ kan. Àwọn ènìyàn yà. Oníṣòwò tó pè mí ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Nínú àwọn tó dúró, ọkùnrin kan wà tí kò béèrè iye tí jìtá náà jẹ́ rárá. Iye tí èmi ń gbà lóde kan ló béèrè. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbé mi lọ ṣeré ní Ìkẹjà, ìdajì owó mi sì ti wà lápò mi kí n tó wọ mọ́tò ní Òṣogbo.